Ẹni Tí Ó Pe Orúkọ: Ìtàn Àlàfo Ààbò Nínú Àká Iṣẹ́ Ìfiránṣẹ́ Java, 1996 sí 2023

1. Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ, ìyẹ́, èso igi tàbí àkísà ẹní ni wọ́n máa ń dì pọ̀ lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí a rán an sí ni yóò tú u, tí yóò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò pọn dandan kí ìránṣẹ́ mọ ohun tí ó gbé dání. Bí ó ti wù kí àrokò burú tó, ìbáà ṣe ti ogun tàbí ti ikú, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè dìde fúnra rẹ̀ kí ó ṣe ẹni tí ó tú u ní ibi. Owó ẹyọ kò ju owó ẹyọ lọ. Ọwọ́ ẹni tí ó gbà á ni ìtumọ̀ wà.

Ní ìparí ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe irú àrokò mìíràn, èyí tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé ẹni tí ó gbà á bí ó ti ń tú u lọ́wọ́. Ìtàn irú àrokò bẹ́ẹ̀ nínú èdè Java ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1996, nígbà tí a kọ́kọ́ fi hàn pé ẹni tí ó bá lè darí bí kíláàsì ti ń wọlé lè gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. A ó sì tọ̀ ọ́ dé 2023, nígbà tí àṣìṣe tí ó fara jọ ọ́ yọjú nínú ètò ìfiránṣẹ́ ActiveMQ.

Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé sísín ẹ̀dá sórí okùn, ìyẹn ọ̀nà tí Java fi ń sọ ohun inú ẹ̀rọ di ọ̀wọ́ báìtì, ni orísun gbogbo wàhálà yìí. Èrò náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò kún. Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn pé ìbéèrè kan wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pe orúkọ kíláàsì? Níwọ̀n ìgbà tí àwọn olùtúnṣe kò dáhùn ìbéèrè yìí gan-an, àlàfo kan náà ń padà wá pẹ̀lú aṣọ mìíràn lọ́rùn.

2. Kíláàsì, ẹ̀dá àti agbéwọlé

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé àwọn èdè-ìperí tí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ láìsí wọn. Ní èdè Java, kíláàsì ni àwòṣe, ẹ̀dá sì ni ohun tí a fi àwòṣe náà mọ. Bí àwọn tí ń ṣe bíríkì ti ń fi àpótí kan ṣoṣo yọ ọgọ́rùn-ún bíríkì, bẹ́ẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà ń fi kíláàsì kan ṣoṣo mọ iye ẹ̀dá tí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kíláàsì ju àpótí bíríkì lọ, nítorí pé ó ní ìṣe nínú. Nígbà tí a bá ń fi í mọ ẹ̀dá, àwọn àṣẹ kan wà tí yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ẹ̀dá náà wá ṣe.

Java kì í kó gbogbo kíláàsì wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà tí ó bá nílò ọ̀kan ni ó ń fi orúkọ pè é. Apá kan nínú ẹ̀rọ, tí a ó máa pè ní agbéwọlé níhìn-ín, yóò sì lọ wá kíláàsì náà jáde nínú àwọn àpamọ́ tí a ti tò sílẹ̀ fún un. Kò pọn dandan kí orúkọ yìí jẹ́ èyí tí a ti kọ sínú ètò láti ilẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ètò náà kà nínú fáìlì, tàbí èyí tí ó gbà láti ọ̀nà jíjìn. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí ètò kan lè lo àká iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nígbà tí a kọ ètò náà. Àká iṣẹ́ ni àkójọ kíláàsì tí ẹnìkan ti kọ sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè máa mú lò. Àká oníbàárà sì ni èyí tí ètò tí ó fẹ́ fi ìfiránṣẹ́ ránṣẹ́, tàbí tí ó fẹ́ gbà á, máa ń lò láti bá alárinà sọ̀rọ̀.

Nínú ètò bẹ́ẹ̀, pípe orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àṣẹ ni. Ẹni tí ó bá lè yan orúkọ tí agbéwọlé yóò pè ti ní ọwọ́ nínú ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe.

3. Àlejò ẹnu ọ̀nà: 1995 sí 1998

Oṣù Karùn-ún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé Java jáde fún aráyé. James Gosling ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ohun tí ó tètè sọ èdè yìí di olókìkí ni applet, ètò kékeré tí ó máa ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹni tí ń ka ojú ìwé. Àlejò ni applet, àwọn tí ó ṣe Java sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ọgbà yí i ká: kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáìlì onílé, kò sì gbọdọ̀ bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ àyàfi èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Kò pẹ́ tí ọgbà náà fi lu. Ní oṣù Kẹta 1996, Drew Dean, Edward Felten àti Dan Wallach ní Yunifásítì Princeton fi hàn pé applet lè dọ́gbọ́n ṣẹ̀dá agbéwọlé tirẹ̀. Agbéwọlé tí ó bá ti bọ́ sọ́wọ́ àlejò lè fún kíláàsì méjì tí ó yàtọ̀ síra ní orúkọ kan náà, kí ẹ̀rọ sì máa fi ojú ọ̀kan wo èkejì. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ọgbà ti wó. Ní 1997, Vijay Saraswat kọ̀wé láti fi àìpé mìíràn tí ó jọ èyí hàn. Ó di 1998 kí Sheng Liang àti Gilad Bracha tó gbé ìlànà kan kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ wọn, èyí tí kò jẹ́ kí agbéwọlé méjì lè túmọ̀ orúkọ kan náà ní ọ̀nà méjì fún àwọn kíláàsì tí ó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí ni pé kò yẹ kí agbéwọlé wà lọ́wọ́ àlejò. Ẹ̀kọ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n kóòdù àjèjì nìkan ni ó dojú kọ. Kíláàsì tí ó ti wà nínú ilé, tí onílé kọ fúnra rẹ̀ tàbí tí ó mú láti inú àká iṣẹ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, kò sí ẹni tí ó fura sí i. Ìpín yìí láàárín kóòdù àjèjì àti kóòdù inú ilé ni ó wà lẹ́yìn gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e.

4. Okùn ìlẹ̀kẹ̀: 1997 sí 2004

Ní oṣù Kejì 1997, ẹ̀dà 1.1 Java mú sísín ẹ̀dá wá. Ó dàbí sísín ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀dá kan nínú ẹ̀rọ lè so mọ́ ẹ̀dá mìíràn, kí èyí náà so mọ́ òmíràn. Sísín ni kí a to gbogbo wọn sórí okùn báìtì kan ṣoṣo kí ó lè ṣeé fi pamọ́ tàbí kí ó ṣeé fi ránṣẹ́. Títú ni kí ẹni tí ó gbà á tún wọn mọ bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Báìtì mẹ́rin ni a fi ń dá okùn Java mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: AC ED 00 05. Kò jìnnà sí wọn ni orúkọ kíláàsì ẹ̀dá àkọ́kọ́ máa ń wà.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó sín okùn ni ó kọ orúkọ sí i. Ẹni tí ń tú u kàn ń pe orúkọ tí ó bá níbẹ̀ ni. Kíláàsì sì lè ní ìṣe pàtàkì kan tí ń jẹ́ readObject, tí yóò ṣiṣẹ́ bí a ti ń tú okùn lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà á lè yẹ ohun tí ó rí wò bóyá òun ni ó retí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn títú ni àyẹ̀wò náà ń wáyé. Ó dàbí ìgbà tí a bá mú àlejò wọ yàrá, tí a fún un ní ìjókòó àti omi, kí a tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Ní 1998, Sun gbé ìlànà Java Message Service, tí a gé kúrú sí JMS, jáde. JMS kì í ṣe ètò fúnra rẹ̀; àdéhùn ni láàárín àwọn tí ń ṣe ètò ìfiránṣẹ́ àti àwọn tí ń lò ó. Oníbàárà kan yóò kó ìfiránṣẹ́ lé alárinà lọ́wọ́. Alárinà yóò tò ó sórí ìlà. Oníbàárà kejì yóò wá gbà á nígbà tí ó bá ráyè. Àwọn méjèèjì kò ní láti jí sílẹ̀ ní àkókò kan náà, wọn kò sì ní láti mọ ara wọn. Ìdí nìyí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi wọ ibi tí owó, ẹrù àti ìwé àṣẹ ti ń kọjá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka kan sí èkejì nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá.

Oríṣi ìfiránṣẹ́ márùn-ún ni àdéhùn náà là sílẹ̀: TextMessage fún ọ̀rọ̀ kíkọ, BytesMessage fún báìtì, MapMessage fún orúkọ àti iye rẹ̀, StreamMessage fún àwọn iye tí ó tẹ̀lé ara wọn, àti ObjectMessage fún ẹ̀dá tí a sín. ObjectMessage ni ó rọrùn jù lọ fún olùkọ̀wé-ètò, nítorí pé kò ní láti ronú lórí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ti rí lójú ọ̀nà. Ó kó ẹ̀dá lé e lọ́wọ́ níhìn-ín, ó rí ẹ̀dá gbà lọ́hùn-ún. Àwọn tí ó ṣe alárinà ActiveMQ, tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2004 tí ó sì wá bọ́ sábẹ́ àjọ Apache, tẹ̀lé àdéhùn yìí bí ó ti wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù ti ṣe.

5. Ikú ilé: 2008 sí 2015

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó gbà kí àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà tó fi ẹ̀rí gbe òwe yìí lẹ́sẹ̀. Ní 2008, Sami Koivu fi hàn pé títú ẹ̀dá kàléńdà inú Java fúnra rẹ̀ lè mú applet bọ́ kúrò nínú ọgbà. Ní 2011, Wouter Coekaerts fi irú ewu kan náà hàn nínú àká iṣẹ́ Spring. Ìkìlọ̀ ni méjèèjì. Wọ́n tún ohun tí a tọ́ka sí ṣe, wọn kò sì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 2015, Chris Frohoff àti Gabriel Lawrence sọ̀rọ̀ ní àpérò ààbò kan ní Kalifóníà, wọ́n sì gbé irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ ysoserial jáde. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ọ̀daràn kò ní láti fi kóòdù tirẹ̀ ránṣẹ́ rárá. Gbogbo ohun tí ó nílò ti wà nínú ilé. Nínú àká iṣẹ́ Commons Collections, tí àìmọye ètò ń lò, kíláàsì kan wà tí ń jẹ́ InvokerTransformer. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó pe ìṣe tí a bá dárúkọ lórí ẹ̀dá tí a bá fún un. Kò sí ibi nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá sín irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn mìíràn lórí okùn kan ṣoṣo, títú okùn náà nìkan ti tó láti mú kí ẹ̀rọ ṣe àṣẹ tí ẹni tí ó sín in bá fẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́. Ọ̀nà tí a gbà tò wọ́n ni ó ní oró.

Ariwo kò ta lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Stephen Breen ti ilé-iṣẹ́ FoxGlove Security tó fi ẹ̀rí hàn lára WebLogic, WebSphere, JBoss, Jenkins àti OpenNMS. Láàárín oṣù kan náà ni àwọn tí ń bójú tó Commons Collections gbé ẹ̀dà tuntun jáde, tí kò gbà kí a tú àwọn kíláàsì eléwu náà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ìlẹ̀kẹ̀ kan kúrò, a lè rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Àkójọ irú okùn bẹ́ẹ̀ nínú ysoserial ń gùn sí i ni.

6. Ẹni tí ń gba ìfiránṣẹ́: 2015 sí 2016

Ní ìparí 2015, wọ́n kéde àlàfo ActiveMQ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2015-5254. Gbogbo ẹ̀dà 5 tí ó ṣáájú 5.13.0 ni a dárúkọ. Alárinà kò fi ààlà sí kíláàsì tí ó lè wà nínú ObjectMessage. Bí alábòójútó bá ṣí irú ìfiránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ìwé ìṣàkóso láti wò ó, títú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní 2016, Matthias Kaiser ti ilé-iṣẹ́ Code White mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ alárinà nìkan. Ní àpérò Black Hat ní Amẹ́ríkà, ó fi hàn pé àwọn àká oníbàárà JMS lóríṣiríṣi ni ó ń tú ObjectMessage láìbéèrè. Ó gbé irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ JMET jáde kí àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò lè dán an wò. Lára àwọn tí a kọ nọ́ńbà fún ní ọdún náà ni oníbàárà Qpid, CVE-2016-4974, Artemis, CVE-2016-4978, àti Spring AMQP, CVE-2016-2173.

Ìtumọ̀ àwárí yìí jinlẹ̀ ju iye nọ́ńbà lọ. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ń dáàbò bo ẹ̀rọ máa ń ronú nípa ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn. Oníbàárà kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Òun ni ó ń jáde lọ bá alárinà. Ó lè wà lẹ́yìn ògiri mẹ́ta, kí ó má sì ní ojú kankan tí ó kọ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, bí ọ̀daràn bá lè fi ìfiránṣẹ́ kan ṣoṣo sórí ìlà, oníbàárà náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé. Bí ó sì ti jẹ́ pé ìfiránṣẹ́ lè dúró lórí ìlà, ẹni tí ó rán an lè ti lọ tipẹ́ kí ohun tí ó rán tó ṣiṣẹ́. Ìwà tí a fi yin ètò ìfiránṣẹ́, pé ẹni méjì kò ní láti mọ ara wọn, ni ó di àlàfo rẹ̀.

7. Ìwé orúkọ: 2015 sí 2021

Àtúnṣe tí gbogbo wọn yàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: kí onílé kọ orúkọ àwọn kíláàsì tàbí ìdílé kíláàsì tí ó gbà láàyè sílẹ̀, kí a sì kọ gbogbo èyí tí ó kù. ActiveMQ fi irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀dà 5.13.0. Spring AMQP ṣe tirẹ̀ ní 2016. Java fúnra rẹ̀ gba asẹ́ kan láti fi yẹ okùn wò bí a ti ń tú u, ìyẹn JEP 290, èyí tí ó dé sínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ní oṣù Kìíní 2017, tí ó sì wà nínú Java 9 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. JEP 415 fi kún un nínú Java 17 ní 2021. Ní 2018, Mark Reinhold, tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń ṣètò ìpìlẹ̀ Java ní ilé-iṣẹ́ Oracle, sọ ní gbangba pé àṣìṣe burúkú ni sísín ẹ̀dá tí wọ́n fi sínú èdè náà ní 1997.

Ìwé orúkọ dára, ṣùgbọ́n ó ní àìpé mẹ́ta. Èkíní, ó fi ẹrù lé ẹni tí ń lò ó lórí. Ètò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lánàá yóò dáwọ́ dúró lónìí títí ẹnìkan yóò fi kọ orúkọ. ActiveMQ sì fàyè sílẹ̀ kí onílé lè fi àmì ìràwọ̀ kan ṣoṣo gba gbogbo kíláàsì láyè. Ẹni tí iṣẹ́ ń lé níwájú lè fi àmì yìí sí i kí ó sì gbàgbé rẹ̀. Èkejì, àwọn mìíràn ṣe ìwé náà ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ lófo. Nínú Spring AMQP, bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ orúkọ kankan, gbogbo kíláàsì ni ó lè wọlé. Ọdún méje ni ọ̀ràn fi wà bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi kéde CVE-2023-34050 ní oṣù Kẹwàá 2023. Ẹ̀kẹta, ìwé náà máa ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tí a ti mọ̀ nìkan. Nínú àká oníbàárà JMS ti RabbitMQ, StreamMessage ni ewu gbà wọlé, kì í ṣe ObjectMessage. CVE-2020-36282 ni nọ́ńbà rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2021, ọ̀ràn Log4j fi ìdí kan náà hàn láti ìhà mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan tí ètò fẹ́ kọ sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ lè mú kí ó lọ wá kíláàsì lórí ẹ̀rọ ọ̀daràn. Ní 2023, Kafka náà ní tirẹ̀, CVE-2023-25194: ẹni tí ó bá lè kọ ètò ìsopọ̀ oníbàárà lè dárúkọ kíláàsì ìwọlé kan tí yóò lọ bá ẹ̀rọ àjèjì sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, okùn tí a sín kọ́ ni ó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni.

8. Ìròyìn àṣìṣe tí ó di àṣìṣe: 2023

Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2023, àjọ Apache kéde CVE-2023-46604 nínú ActiveMQ. Láti lóye rẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé alárinà àti oníbàárà ActiveMQ ní èdè àárín ara wọn tí ń jẹ́ OpenWire, tí ó máa ń gba ojú ọ̀nà 61616 kọjá. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ ròyìn àṣìṣe náà fún èkejì. Ìròyìn náà ní ohun pàtàkì méjì nínú: orúkọ kíláàsì àṣìṣe náà, àti gbólóhùn kan tí ó ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á yóò pe orúkọ náà, yóò sì fi gbólóhùn náà mọ ẹ̀dá kan.

Kò sí ibi tí ó ti béèrè bóyá kíláàsì náà jẹ́ ti àṣìṣe lóòótọ́. Nítorí náà, kíláàsì èyíkéyìí nínú ilé tí a lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo ṣẹ̀dá ni ọ̀daràn lè dárúkọ. Ó sì rí ọ̀kan tí ó bá a mu, ClassPathXmlApplicationContext ti Spring. Gbólóhùn tí kíláàsì yìí ń gbà ni àdírẹ́sì ìwé ètò kan. Bí a bá ti ṣẹ̀dá rẹ̀, yóò lọ mú ìwé náà wá, yóò sì mọ gbogbo ohun tí a kọ síbẹ̀. Ìwé náà lè wà lórí ẹ̀rọ ọ̀daràn, ohun tí a kọ síbẹ̀ sì lè jẹ́ àṣẹ kí ẹ̀rọ ṣe ohunkóhun. Orúkọ kan àti gbólóhùn kan ti tó.

Àwọn tí ó ń ṣe ActiveMQ tún un ṣe nínú ẹ̀dà 5.15.16, 5.16.6, 5.17.6 àti 5.18.3. Àyẹ̀wò kúkúrú kan ni wọ́n fi kún un: kí a tó ṣẹ̀dá, kí a wò ó bóyá kíláàsì náà jẹ́ ti ìdílé Throwable, tí gbogbo àṣìṣe Java ti ṣẹ̀. Wọ́n sì kìlọ̀ pé alárinà àti oníbàárà ni kí a jọ pààrọ̀, nítorí pé kóòdù kan náà wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀daràn kò dúró. Ilé-iṣẹ́ Rapid7 ròyìn pé láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ni òun ti rí àwọn tí ó fẹ́ fi àlàfo yìí gbin ètò ajínigbé-dátà HelloKitty sí ibi iṣẹ́ méjì lára àwọn oníbàárà òun. Àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ìjọba Amẹ́ríkà, CISA, fi í sínú àkójọ àlàfo tí àwọn ọ̀daràn ń lò ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá.

Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí jù lọ ni pé ìwé orúkọ 2015 kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ìwé náà ń ṣọ́ okùn ObjectMessage. Ìròyìn àṣìṣe kì í ṣe okùn Java. Kò sí AC ED 00 05 níbẹ̀, kò sì sí ohun tí asẹ́ JEP 290 lè sẹ́. Onílé tí ó ti kọ orúkọ gbogbo kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra ṣì wà nínú ewu pẹ̀lú ẹni tí ó fi àmì ìràwọ̀ sí i.

9. Ta ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀?

Èrò mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan di ẹ̀bi ru àwọn tí ó kọ kíláàsì bíi InvokerTransformer. Èrò yìí kò lè dúró, nítorí pé kíláàsì Spring tí a lò ní 2023 ń ṣe iṣẹ́ tí a ṣe é fún gan-an. A kò lè fi òfin de gbogbo kíláàsì tí ó lágbára. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní sí ètò tí yóò lè ṣe ohunkóhun.

Àwọn kejì ní ẹni tí ó kọ ojú alárinà sí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó jẹ̀bi. Òtítọ́ wà nínú èyí; iye alárinà tí ó wà ní gbangba tí wọn kò sì tíì tún ṣe nígbà tí a kéde àlàfo 2023 ju 3,000 lọ, gẹ́gẹ́ bí àjọ Shadowserver ti kà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Kaiser ti fi hàn pé ewu lè tẹ̀lé ìlà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tí kò fojú hàn níta rárá.

Àwọn kẹta ní àwọn tí ó ṣe Java ní 1997 ni. Èyí ni ó sún mọ́ òótọ́ jù, ó sì ní ẹ̀rí lẹ́yìn láti ẹnu Reinhold. Síbẹ̀, àlàfo 2023 kò lo ohun tí wọ́n ṣe ní 1997. Àwọn tí ó kọ OpenWire ni ó tún àṣìṣe náà dá fúnra wọn, láìlo sísín ẹ̀dá ti Java. Èyí fi hàn pé àṣà ìrònú kan ni a ń bá jà, kì í ṣe apá kan ṣoṣo nínú èdè kan. Àṣà náà ni pé dátà kì í ṣe kóòdù, àti pé ohun tí ó wà nínú ilé kò lè pa onílé. Àlàyé 1996 ni ó gbìn ín: nígbà tí wọ́n pín ayé sí kóòdù àjèjì àti kóòdù inú ilé, wọ́n gbàgbé pé àjèjì lè dúró síta, kí ó má wọlé rárá, kí ó sì máa pe àwọn ará ilé ní orúkọ kan lẹ́yìn èkejì.

Ìdí tí àtúnṣe fi falẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ètò ìfiránṣẹ́ wà láàárín àwọn ètò mìíràn. Bí a bá yí i padà, gbogbo ohun tí ó gbára lé e ni yóò mì. Ẹni tí yóò san owó àtúnṣe yàtọ̀ sí ẹni tí ó ṣe àṣìṣe. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń yan àtúnṣe tí kò ní ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́, irú èyí tí ó fi ìwé orúkọ sílẹ̀ lófo. Ẹni tí ó sì ń jìyà rẹ̀ nígbẹ̀yìn ni alábòójútó ẹ̀rọ tí kò kọ ọ̀rọ̀ kan nínú kóòdù náà, tí ó kàn jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó bá gbogbo fáìlì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní títì pa.

10. Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti tọ ipasẹ̀ àlàfo kan láti ọ̀dọ̀ applet 1996 dé ọ̀dọ̀ ìròyìn àṣìṣe 2023. Ó ti fi hàn pé sísín ẹ̀dá jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ọ̀nà tí ewu gbà wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Níbi gbogbo tí ẹni tí ó rán ìfiránṣẹ́ bá ti lè yan orúkọ kíláàsì tí ẹni tí ó gbà á yóò pè, ìbáà jẹ́ nínú okùn, nínú ìwé ètò tàbí nínú ìròyìn àṣìṣe, ewu kan náà wà níbẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Àyẹ̀wò tí ó bá wáyé lẹ́yìn tí a ti ṣẹ̀dá dàbí kí a máa rẹ́ ògiri nígbà tí aláǹgbá ti wà nínú ilé.

Ohun tí ìtàn yìí fi lélẹ̀ fún àwọn tí ń kọ ètò ni pé kí wọ́n fi ẹ̀tọ́ ìpè sọ́wọ́ ẹni tí ń gba ìfiránṣẹ́. Kí ìfiránṣẹ́ gbé iye àti ọ̀rọ̀ wá, kí ẹni tí ó gbà á sì pinnu fúnra rẹ̀ irú ẹ̀dá tí yóò fi wọ́n mọ. Ní 2018 àti lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ètò tuntun ti ń yàn láti máa fi ọ̀rọ̀ kíkọ tí ó ní ìlànà tí a mọ̀ ránṣẹ́ dípò ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n àwọn ètò àtijọ́ ṣì pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ní ibi kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò, tí orúkọ ti ń ti ìta wá, tí agbéwọlé sì ń jẹ́ ẹ. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìwádìí tí ó bá tẹ̀lé èyí kọ́kọ́ wá kàn.